Bàbá onítípà tó kó yanrìn wá fún wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́lé n'Ìbàdàn, ẹ gbọ́ o. Bàbá tó kó yanrìn àti gíránáàtì wá fún wa yìí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún wọn. Iye tá a jọ sọ náà ni wọ́n gbà, wọn ò débẹ̀ tán kí wọ́n wá máa ní ọ̀nà ò dáa, ẹ fowó kún un. Wọ́n tún ní ká gun ọkọ̀ wo ẹrù kí wọ́n tó dà á, torí àwọn kan á kó o jọ sáàárín kó lè ga lójú, igun ọkọ̀ á wá ṣófo, yanrìn tó bá sì rin díẹ̀ máa ń wú, tó bá gbẹ lẹ máa rí i pé ò tó. Wọ́n pẹ́ dé ṣá, àmọ́ wọ́n pè. Ìdajì owó la kọ́kọ́ san, ìyókù dìgbà tí wọ́n já a tán.