Ojú Màmá dà bí ewé ẹ̀fọ́, ó tún pọ́n bí osùn

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tẹ fọ́tò Màmá tó bí bàbá mi nílé, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ojú wọn ń ṣe bí ewé ẹ̀fọ́. Fọ́tò dúdú-àti-funfun ni o! Mo pààrọ̀ bébà, mo pààrọ̀ íǹkì, íǹkì ọ̀hún kì í sì í ṣe owó kékeré.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi ní Ṣómólú, láàárín àwọn tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà. Mo rò pé ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ yóò kàn gba flash mi, kó tẹ̀ ẹ́, kó gbowó. Ó ní rárá, kí n lọ gbé printer àti laptop mi wá. Mo gbé e wọ kẹ̀kẹ́ láti Bàrígà, mo ń kùn lọ́nà.

Nozzle check ló kọ́kọ́ tẹ̀, ìyẹn ìlà ìdánwò tó ń fi hàn bí ihò íǹkì kan bá ti dí. Ìlà magenta, íǹkì pupa tó fara jọ àlùkò, já níbi mẹ́ta. "Àǹtí, ọyẹ́ ti gbẹ ẹ́. Ẹ ò lò ó láti Kérésì, àbí?" Ẹnu mi wọhò. Àṣé íǹkì dúdú nìkan kọ́ ni printer tèmi fi ń tẹ àwọ̀ eérú. Ó ń po cyan (búlúù fẹ́ẹ́rẹ́), magenta àti yellow mọ́ ọn. Bí magenta bá ti dín, ewé ló máa yọjú.

Ó fọ ẹnu printer náà lẹ́ẹ̀mejì, ó tún un tẹ̀. Háà! Màmá wá pọ́n bí ìyàwó tó kun osùn. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà mi ń tún àwọ̀ ṣe, printer náà sì tún ń tún èyí tí wọ́n ti tún ṣe tẹ́lẹ̀ ṣe. Ó pa ti printer, ó yan orúkọ bébà tó wà nínú rẹ̀ gan-an, nítorí bébà dídán ni mo fi sí i, "plain paper" ni mo sì yàn. Ìtìjú mi nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló tẹ àpótí kéékèèké mọ́kànlélógún, láti funfun dé dúdú. Mẹ́rin tó kẹ́yìn papọ̀ di ẹyọ kan, ibi tó dúdú jù kò fi ìyàtọ̀ hàn mọ́. Ojú laptop mi náà tún mọ́lẹ̀ jù, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa ṣe fọ́tò dúdú ju bó ṣe yẹ lọ.

₦20,000 ni mo san. Bébà mẹ́jọ ló lò, tèmi ni gbogbo rẹ̀, kò sì sọ fún mi ṣáájú. Jẹnẹrétọ̀ wọn ń pariwo bí ilé ìlọta, ọmọkùnrin náà kì í sì í gbé fóònù. Ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́ fún mi pé printer tó ní íǹkì eérú méjì tàbí mẹ́ta ló lè tẹ irú fọ́tò yìí dáadáa jù, kò sì fẹ́ tà á fún mi. Máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Ó ní kí n jẹ́ kó gbẹ mọ́jú kí n tó ṣèdájọ́. Láàárọ̀, bàbá mi gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ìka ka ìlà ṣùkú orí ìyá wọn.