TCF Canada: ìdánwò Faransé fún ẹni tó fẹ́ fi àwọn ìlú kéékèèké Kánádà ṣe ilé

Èsì TCF Canada tí mo ṣe ti dé, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe rí ìdánwò náà, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní Kútọnu tàbí Lomé, tí Faransé ti wọ̀ yín lẹ́nu, tí ẹ sì gbà pé ìyẹn ti tó.

Ètò tí mo ń lé ni èyí tí ìjọba Kánádà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025 fún àwọn àwùjọ tó ń sọ Faransé níta Quebec: Sudbury, Timmins àti agbègbè Superior East ní Ontario, St. Pierre Jolys ní Manitoba, Acadian Peninsula ní New Brunswick, àti Kelowna ní British Columbia. Agbanisíṣẹ́ tí ìlú náà fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ gbà yín síṣẹ́, Faransé yín sì gbọ́dọ̀ dé ipele 5 lórí òṣùwọ̀n NCLC ti Kánádà. Wọn kì í ro máàkì pọ̀ o. Ìgbọ́rọ̀, ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ọ̀rọ̀ sísọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ dé ipele yẹn. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ já gaara bí ọmọ Paris, tí ìwé kíkọ rẹ̀ wá dúró sí ipele 4, kò rí ọ̀nà lọ.

TCF Canada àti TEF Canada, ìdánwò Faransé mìíràn tó jọ ọ́, nìkan ni wọ́n ń gbà. Wọn kì í gba DELF, ìwé ẹ̀rí Faransé tí ọ̀pọ̀ mọ̀, wọn kì í sì í gba ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Àjàṣẹ́ fi Faransé kàwé láti kékeré títí dé yunifásítì, síbẹ̀ ó ní láti sanwó kó sì jókòó ṣe é bíi tèmi. Ó dùn ún gan-an. Èmi rí i pé ó tọ́, nítorí òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọn èmi tí mo kọ́ tèmi lẹ́nu iṣẹ́.

Ìgbọ́rọ̀ ló nira jù. Ìbéèrè 39 ni, ìṣẹ́jú 35, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni ẹ máa gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ rọrùn. Bó bá ti ń lọ sí ìparí, ọ̀rọ̀ á máa sáré, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ á máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ajé tàbí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Faransé tí a ń sọ ní ọjà Dàńtọ́kpá kò gbà mí níbí. Lọ́jà, mo ń wo ojú oníbàárà, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, bí n kò bá gbọ́, á tún un sọ. Níbi ìdánwò, kò sí ẹni tí yóò tún nǹkan kan sọ. Ìròyìn RFI, rédíò ilẹ̀ Faransé, tí mo ń gbọ́ láràárọ̀ ló ṣí mi létí, àti ìdánrawò ọ̀fẹ́ tí TV5MONDE, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n elédè Faransé, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú 699, máàkì 369 ló ń múni dé ipele 5. Ẹni tó bá ń lé ètò àwọn elédè Faransé nínú Express Entry, ọ̀nà ìgbélùú mìíràn ti Kánádà fún àwọn òṣìṣẹ́, nílò ipele 7, ìyẹn 458. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mọ èyí tí ẹ ń lé. Ẹ sì bi ibùdó ìdánwò bóyá wọ́n ń fúnni ní ẹ̀rọ àfetígbọ́, torí níbi tí mo ti ṣe tèmi, ohùn kò já gaara fún àwa tí a jókòó sẹ́yìn, inú mi ò sì dùn sí i rárá.

Ìwé kíkà kò ṣòro fún ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn déédéé.

Ìwé kíkọ gba wákàtí kan, iṣẹ́ mẹ́ta. Ìkẹta ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún: wọ́n á fún yín ní èrò méjì tó tako ara wọn, ẹ ó sọ ohun tí wọ́n wí ní ṣókí, ẹ ó sì sọ èrò tiyín, gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ 120 sí 180. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé tiwọn láì sọ. Máàkì 6 nínú 20 ló ń múni dé ipele 5, nítorí náà kí ẹ̀rù má ba ẹni tó mọ̀ pé 6 nínú 20 kì í ṣe máàkì ayọ̀ nílé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ sísọ wù mí púpọ̀. Ìṣẹ́jú 12 pẹ̀lú olùdánwò, wọ́n sì ń gba ohùn yín sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ kejì, ẹ̀yin lẹ ó máa bi olùdánwò ní ìbéèrè, bóyá nípa ilé tí ẹ fẹ́ háyà. Ẹni tó ti ná ọjà rí kò ní wá ìbéèrè tì.

Àwọn kan ń kiri pé àwọn lè bá ènìyàn jókòó ṣe ìdánwò yìí, tàbí kí wọ́n bá a tẹ ìwé ẹ̀rí. Ẹ sá fún wọn. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà fúnni ń ya fọ́tò yín, ohùn yín wà lọ́wọ́ wọn, Kánádà sì lè fi ìwé èké ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn fún ọdún 5.

Èsì kò gbọ́dọ̀ pé ọdún 2 ní ọjọ́ tí ẹ bá fi ìwé ìgbélùú sílẹ̀, wíwá agbanisíṣẹ́ ní àwọn ìlú yìí sì máa ń pẹ́. Bí ẹ bá ti lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn agbanisíṣẹ́ Timmins tàbí Sudbury nísinsìnyí, kí ẹ máa gbọ́ RFI lọ, kí ẹ tó wá mú ọjọ́ ìdánwò.