Wíwo Formula 1 alẹ́ ní Singapore: tíkẹ́ẹ̀tì arìnkiri àbí ti ìjókòó?

Ẹni tó bá ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì kiri ti mọ̀ pé Singapore ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá Formula 1, ìyẹn eré ìje ọkọ̀, lálẹ́, ní 2008, nítorí náà mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ohun tó kù ni ibi tí ẹ máa náwó sí. Walkabout ni ti arìnkiri, kò ní àga. Grandstand ní àga tó ní nọ́ńbà. Mo ti ra méjèèjì rí.

Owó: walkabout sábà máa ń rọjú ju ìjókòó lọ.

Orin: ọgbọọgba ni wọ́n. Padang Stage, níbi tí àwọn olórin ti máa ń ṣeré, wà ní Zone 4, ọ̀kan nínú àwọn apá tí wọ́n pín ibi eré sí, méjèèjì ló sì ń débẹ̀.

Ibi tí ẹ lè dé: ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Premier Walkabout ń gbé èèyàn káàkiri. Zone 4 Walkabout ò jẹ́ kí ẹ kúrò ní Zone 4.

Ó wá ku ojú tí ẹ fẹ́ fi wo ọkọ̀. Títì ìgboro ni wọ́n ti ń sá eré yìí, ògiri kọnkéré àti fẹ́ǹsì onírin ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kan pẹpẹ fún àwọn arìnkiri lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá tètè dé ló ni ín. Aago mẹ́jọ alẹ́ Sunday ni eré máa ń bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ṣì ń mú ganrínganrín tí àwọn kan ti gba àyè wọn. Ẹ yà lọ tọ̀ báyìí, ẹlòmíì ti bọ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo lo walkabout, bàbá tó wà níwájú mi gbé ọmọ lé ọrùn. Ohun tí mo fi mọ̀ pé ọkọ̀ Ferrari ti kọjá ni pé àwọn tó wọ pupa, àwọ̀ Ferrari, hó yèè. Owó ọkọ̀ òfuurufú ni mo san o, kì í ṣe owó rédíò!

Lórí àga ní Turn 1, ìyẹn kọ́nà àkọ́kọ́, mo rí èéfín táyà bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì, mo rí iná tó ń ta pàrà lábẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ náà ni àwọn tó jókòó ní 2017 ti rí àwọn awakọ̀ Vettel, Verstappen àti Räikkönen tí wọ́n kọlu ara wọn kí wọ́n tó dé kọ́nà àkọ́kọ́, tí ìje sì parí fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Òjò tún ń bẹ. Ní 2022, ó dá ìbẹ̀rẹ̀ eré dúró fún wákàtí kan àti díẹ̀. Ẹni tó ní àga lè lọ yà sábẹ́ òrùlé kó sì padà wá bá a. Arìnkiri tó bá sá fún òjò ti fi pẹpẹ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ mú aṣọ òjò dání, torí agboorùn máa ń dí ẹni ẹ̀yìn lójú.

Bí ó bá jẹ́ orin àti fàájì ìlú ló ń gbé yín lọ, walkabout tó, ẹ má ná kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ni, ẹ ra àga, ì báà jẹ́ ti Sunday nìkan. Pit Grandstand dára fún ẹni tó fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà, àmọ́ fìrì ni ọkọ̀ ń kọjá níbẹ̀; kọ́nà tí wọ́n ti ń dẹwọ́ eré ni kí ẹ wá. Kí ẹ sì mú ìlà òkè, torí àárín irin fẹ́ǹsì ni ìlà ìsàlẹ̀ ti ń yọjú.