Ọ̀pá Ìrìn Jíjìn: Èyí Tó Tó Owó Rẹ̀ àti Èyí Tí Kò Tó

Ilẹ̀ tiwa kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lé ní kìlómítà 50, ọ̀dà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọ̀nà oko tó yà kúrò lára rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pupa tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá sì forí lé Adó-Àwáyé, ní ìhà Ìsẹ́yìn, àpáta gidi ló máa gùn. Ọ̀pá tó ń ṣe dáadáa lórí ọ̀kan lè yọ̀ lórí èkejì. Torí náà, kí ẹ tó béèrè iye owó tàbí bó ṣe fúyẹ́ tó, ẹ kọ́kọ́ wo lọ́ọ̀kì ọ̀pá náà, ìyẹn ohun tó ń dì í mú kó má kúrú, àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú ohun tó kù, fáàrí ló pọ̀ jù.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì rọjú jù, ni ọ̀pá alumíníọ̀mù tó ní páìpù mẹ́ta tó ń wọnú ara wọn, tí a ń yí kó tó tì. Ike kékeré kan wà nínú páìpù náà tí skúrù gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá ti ń yí i, skúrù á fa ike, ike á fẹ̀, á sì há mọ́ ara páìpù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Eruku ọyẹ́ á wọlé, òógùn á bá a níbẹ̀, ike á wá máa yọ̀. Ẹ ó kàn rí i pé ọ̀pá ń kúrú mọ́ yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti ń sọ̀kalẹ̀, lásìkò tí ẹ gbé gbogbo ara lé e. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ ta òróró sí i. Ẹ má dán an wò o, ohun tó yẹ kó há ni òróró máa mú yọ̀. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ fa àwọn páìpù náà yọ kúrò nínú ara wọn, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú wọn àti ike náà, kí ẹ wá fi sáńdípépà kíkúnná ha ike náà díẹ̀ kó lè máa di páìpù mú. Bó bá ń yí lófìfo láì mú, ẹ fi ọwọ́ yí ike náà kó fẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó tì í padà sínú páìpù. Bí ike bá ti là, ọ̀pá náà ti di ohun èlò ìjáwé ìbẹ́pẹ.

Èyí tí a fọwọ́ sí ni èyí tó ní ahọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a ń tẹ̀ pa, irú èyí tó ń di ìjókòó kẹ̀kẹ́ ológeere mú. Ìta ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà, ojú rí i, ọwọ́ sì tó o. FlickLock ni Black Diamond ti Amẹ́ríkà ń pe tirẹ̀, SpeedLock ni LEKI ti Jámánì ń pe tirẹ̀, àwọn ará Ṣáínà náà sì ń ṣe é láìní orúkọ kankan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ na ọ̀pá náà, ẹ tẹ ahọ́n rẹ̀ pa, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì gbára lé e. Bó bá kúrú, ẹ ṣí ahọ́n náà, ẹ yí skúrù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kó má ju ìdámẹ́rin yíyí kan lọ, kí ẹ tún gbára lé e. Àtàǹpàkò nìkan ló yẹ kó lè tẹ̀ ẹ́ pa pẹ̀lú agbára díẹ̀. Èyí tí ẹ ń wá òkúta gbá kó tó pa ti fún jù, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n oníke ṣe máa ń kán. Bí owó bá ká a, ahọ́n irin ni kí ẹ rà.

Tòkunbọ̀ náà dára, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ó wò. Ẹ yọ páìpù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yí i lórí táìlì ilẹ̀ tàbí tábìlì tó tẹ́jú. Èyí tó bá ń ta gìẹ̀gìẹ̀ ti tẹ̀, kò ní máa wọlé dáadáa mọ́. Ẹ wo àmì MAX tàbí STOP tó wà lára páìpù ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa á rẹ́, ẹ ò ní mọ ibi tó yẹ kí ẹ nà án dé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá nà án kọjá ibẹ̀ ló ń ṣẹ́ ẹ. Kí ẹ wá wo ẹnu irin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Irin líle ni, tungsten carbide ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti jẹ tán débi pé ike ìdí rẹ̀ ló ń kanlẹ̀, ẹ dín owó rẹ̀ dáadáa tàbí kí ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀pá carbon, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán carbon ṣe dípò irin, ńkọ́? Ó fúyẹ́ lóòótọ́. Méjì rẹ̀ lè má ju gíráàmù 400 lọ, nígbà tí méjì alumíníọ̀mù máa ń wọn 500 sí 600. Ṣùgbọ́n bí alumíníọ̀mù bá há sáàárín àpáta méjì, títẹ̀ ló máa tẹ̀, ẹ ó sì fi rìn délé. Carbon kì í tẹ̀. Ó máa ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni, ẹnu ibi tó ti ṣẹ́ á sì máa gún èèyàn lọ́wọ́. Fún orí àpáta Adó-Àwáyé, a ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Sípíríǹgì inú ọ̀pá tí wọ́n ń polówó pé ó ń gba ọwọ́ là, ìwúwo ló ń fi kún un, ó sì tún jẹ́ ohun kan sí i tó lè bàjẹ́.

Gígùn rẹ̀ kò nira láti mọ̀. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa fi rìn, ẹ dúró ṣánṣán, ẹ di orí ọ̀pá mú. Ìgbọ̀nwọ́ yín gbọ́dọ̀ ká tó bẹ́ẹ̀ tí apá ìsàlẹ̀ á fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 160 á nílò bíi 110. Ẹni 175 á nílò bíi 120. Bí ẹ bá ń gun òkè, ẹ dín in kù ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fi iye kan náà kún un. Ìsọ̀kalẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀pá ti ń gba orúnkún là jù. Okùn ọwọ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ ti ń gbà wọ inú rẹ̀ lọ sókè, kí ẹ tó wá di okùn àti ọ̀pá mú pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ látòkè, tí gbogbo ìwúwo á sì wà lórí ìka. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé orí àpáta tàbí inú igbó dídí, ẹ yọ ọwọ́ kúrò nínú okùn náà: ẹni tó bá ṣubú pẹ̀lú okùn lọ́wọ́ lè fi àtàǹpàkò rọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ẹsẹ̀ ọ̀pá, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹnu irin yẹn dára lórí ilẹ̀ pupa àti ẹrẹ̀, ó ń gún ilẹ̀, ó sì ń dúró. Lórí ọ̀dà, ariwo lásán ni, á sì tètè jẹ. Lórí àpáta dídán, yíyọ̀ ló máa yọ̀. Fìlà rọ́bà la fi ń borí rẹ̀ níbẹ̀ méjèèjì. Bí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ pupa di ẹrẹ̀, ẹ yọ rọ́bà náà, torí rọ́bà kì í di ẹrẹ̀ mú. Ọ̀dà gbígbóná máa ń jẹ rọ́bà kíákíá, ẹrẹ̀ náà sì máa ń fà á yọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, nítorí náà ẹ mú méjì sí i dání. Àwo róbótó fífẹ̀ tí wọ́n máa ń kó sínú páálí ọ̀pá, ti yìnyín ni. Ẹ fi í fún àwọn ọmọdé ṣeré. Èyí kékeré tó wà lára rẹ̀ ti tó.

Ọ̀pá igi wá ńkọ́? Fún ọ̀nà títẹ́jú, kò sóhun tó ṣe é, bí ó bá ti jẹ́ pé igi gidi ni. Ayìn la máa yàn: ó le, ó ń hù ní ọ̀dàn ìhà tiwa, wọ́n sì ti ń fi í ṣe ẹ̀rú irinṣẹ́ tipẹ́. Ẹ gé èyí tó tọ́, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 3, kó ga dé àyà yín tàbí kó lé díẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n ń sá a sóòrùn kó lè tètè gbẹ. Orí méjèèjì ló máa kọ́kọ́ gbẹ níbẹ̀, tí á sì là wọnú. Ẹ kun ẹnu méjèèjì pẹ̀lú ọ̀dà ìkunlé tàbí àbẹ́là yíyọ́, kí ẹ gbé e sí ìbòòji fún oṣù mélòó kan, ní ìbú, kó má fara kan ilẹ̀ nítorí ikán. Bó bá gbẹ tán, ẹ fi òróró linseed, èyí tí àwọn tó ń ta ọ̀dà ìkunlé máa ń ní, pa á lára, kí ẹ sì nù ún dáadáa. Òrí àti àdín kì í gbẹ lára igi. Eruku ló máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìdí ọ̀pá igi náà nílò rọ́bà. Àwọn tó ń ta ohun èlò ìwòsàn máa ń ní èyí tí wọ́n ń fi sí ìdí ọ̀pá ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ti mìlímítà 19 àti 22. Ẹ fi ọ̀bẹ fá ìdí igi náà kó lè wọ̀ ọ́ há. Bí ẹ bá fẹ́ okùn ọwọ́, àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ á gé e fún yín. Ihò tín-ín-rín ni kí wọ́n lu, kí wọ́n má fi ìṣó kàn án, ìṣó máa ń la igi. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo rẹ̀ lè wọn gíráàmù 600, tó jẹ́ ìwọ̀n alumíníọ̀mù méjì. Àwọn darandaran tí ẹ ń rí, èjìká ni wọ́n máa ń gbé tiwọn lé lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í fi í gba ìwúwo ara, nítorí náà ẹ má fi gígùn tiwọn ṣe òdiwọ̀n.

Owó tó bá ṣẹ́kù, ìbọ̀sẹ̀ ni kí ẹ fi rà kó tó kan ohun mìíràn. Ìbọ̀sẹ̀ òwú lásán máa ń mu òógùn sára, ẹsẹ̀ á rọ̀, ìléròrò á yọ. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi ọ̀rá tàbí irun àgùntàn hun. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ dán bàtà wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò kan sì wà níwájú ìka ẹsẹ̀. Bí ibì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nínú bàtà, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró, kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ẹ má dúró dìgbà tí omi á kó sí i.

Omi: píọ̀ wọ́tà kan, sẹ̀ǹtílítà 50, ni kí ẹ ṣírò fún wákàtí kan, kí ẹ fi kún un bí oòrùn bá mú. Fún ìrìn tó bá gùn kọjá òwúrọ̀ kan, ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà sínú ìgò: píọ̀ wọ́tà méjì, síbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí kò lé, àti ìlàjì síbí tíì iyọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó gbéra. Bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn.