Áàpù olówó, Khan Academy tàbí Kolibri: èwo ni kí ẹ náwó lé fún àwọn ọmọ?

Ilé lẹ́sìn, ibi tí àwọn ọmọ ti ń gba àfikún ẹ̀kọ́, ni mo ní ní Ṣómólú. Àwọn ọmọ JSS àti SS ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ojú tíṣà ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ojú ẹni tó ń ta ọjà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ti lò: àwọn áàpù tí à ń sanwó fún, tí wọ́n ṣe fún ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, Khan Academy, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti Kolibri, tóun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ tó ń fẹ́ láptọ́ọ̀pù kan tí yóò máa gbé e.

Tó bá jẹ́ ti ètò ẹ̀kọ́, áàpù olówó ló borí. Ìbéèrè WAEC àti JAMB àtẹ̀yìnwá wà níbẹ̀. Ẹ kò ní rí Agric tàbí Commerce wa nínú Khan Academy, owó dọ́là sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n ìṣirò, Physics àti Chemistry kò ní orílẹ̀-èdè. Ohun tí ọmọ kò mọ̀ láti Primary 5, tó ń dà á láàmú ní SS1, Khan Academy ló mọ bí wọ́n ṣe ń padà lọ tú u láti ìsàlẹ̀. Kolibri gbé ẹ̀kọ́ Khan Academy kan náà, ó tún fi PhET, àwọn ìdánwò sáyẹ́ǹsì orí kọ̀ǹpútà, kún un, níbi tí ọmọ ti lè so bátìrì mọ́ gílóòbù lójú kọ̀ǹpútà kó sì rí i bó ṣe ń tàn. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní láàbù, ẹ gbọ́ èyí dáadáa.

Ó wá ku dátà. Níbí ni owó ń gbà lọ.

Ní oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn nẹ́tíwọ́kì, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́kì fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra dátà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí àti tíṣà kì í ṣírò ni pé bí ọmọ 15 bá wo fídíò kan náà lórí fóònù 15, ìlọ́po 15 dátà ni wọ́n jẹ. Khan Academy kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, nẹ́tíwọ́kì ló ń gbà á.

Àwọn áàpù olówó yóò ní, “Ẹ dáùnlóòdù rẹ̀, ẹ máa wò ó láìsí dátà.” Mo sanwó ọdún kan fún ọ̀kan nínú wọn, mo sì dáùnlóòdù ẹ̀kọ́ SS2 pátá. Nígbà tó ṣe, ó ní kí n so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kóun lè rí i pé mo ti sanwó. Nẹ́tíwọ́kì ò sì sí lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń wò mí. Mo pe kọ́sítọ́mà kíà, wọ́n ní kí n log out kí n tún wọlé. Bí mo ṣe jáde báyìí, gbogbo ohun tí mo dáùnlóòdù lọ ráúráú. Dátà tuntun ni mo fi tún wọn gbé. Ọdún pé, sọ́bù (owó ọdún kan tí mo san) parí, èyí tó wà lórí fóònù pàápàá tì pa. Háyà ni wọ́n fi ṣe fún wa, a ò rà á.

Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ bi wọ́n: ọjọ́ mélòó ni yóò fi ṣiṣẹ́ láìrí nẹ́tíwọ́kì? Fóònù mélòó ló lè wà lórí owó kan? Bí fóònù bá fọ́ ńkọ́?

Ti Kolibri yàtọ̀. Orí láptọ́ọ̀pù ni gbogbo fídíò wà, fóònù àwọn ọmọ á so mọ́ wáìfáì rẹ̀, dátà ẹnikẹ́ni ò sì ní lọ. Ìbéèrè ìdánrawò ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, tíṣà sì ń rí ọmọ tó gbà á àti èyí tó ń méfò. Ìyà rẹ̀ wà níbẹ̀rẹ̀: kò sí kọ́sítọ́mà kíà tí ẹ máa pè, bẹ́ẹ̀ ni Khan Academy lódindi tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ GB. Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ mú kókó tí ẹ nílò, ẹ fi dátà òru gbé e, tàbí kí ẹ dà á kọ láti inú hard drive ẹni tó ti ní i.

Iná? Fóònù ló rọrùn jù. Láptọ́ọ̀pù ń fẹ́ bátìrì tó lágbára, àfi ẹ̀yin Band A tí iná ń wà fún dáadáa.

Ibi tí mo wá já sí nìyí. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá wà nílé, tí WAEC ti sún mọ́lé, ẹ san ti áàpù olówó fún oṣù díẹ̀, kì í ṣe ọdún kan. Bí wáìfáì bá wà nílé yín tí ẹ kì í ka dátà, Khan Academy ti tó. Àwọn ọmọ tó ju méjì lọ, kíláàsì, lẹ́sìn, ilé ẹ̀kọ́ kékeré, Kolibri ni kí ẹ lò: dípò owó sọ́bù ọdún kan lórí gbogbo wọn, ẹ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan.

Bí ẹ bá dé Computer Village ní Ìkẹjà láti rà á, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu ta bátìrì rẹ̀ fún yín. Kí wọ́n yọ wáyà kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n tan fídíò sí i, kí ẹ jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ọlọ́jà bá ní kánjúkánjú ju yín lọ, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.