Tẹ́tẹ́ ti ilé àbí ti òkè òkun: kí ẹ tó fi owó sí i, ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe máa jáde

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Àbújá, láti Kubwa dé Lugbe dé Mararaba, ìbéèrè kan ò kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa: sáìtì wo ló dáa láti fi ta tẹ́tẹ́, ṣé àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò ni àbí àwọn tó wà lókè òkun tí wọ́n ń gba dọ́là àti crypto? Odds àti bónọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọ̀n wọ́n. Èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí kò sí sáìtì tí ò mọ owó gbà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ tẹ́ ẹ ní kí wọ́n san án lẹ máa tó rí ìyàtọ̀ wọn. Ta ló máa dá yín lóhùn? Ọ́fíìsì ta lẹ máa lọ jókòó sí?

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín wọn sí. Èkíní ni ti ilé tó ní láísẹ́ǹsì Nàìjíríà. Èkejì ni ti òkè òkun tí láísẹ́ǹsì ẹ̀ lágbára, bíi ti Malta. Ẹ̀kẹta ni ti òkè òkun tó ń gbé láísẹ́ǹsì àwọn erékùṣù bíi Curaçao tàbí Anjouan kiri, tàbí tí ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ rárá. Ẹni tí ò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn án o, kó fi tẹ́tẹ́ sílẹ̀.

Láísẹ́ǹsì ta ni wọ́n ń lò?

Ti ilé pàápàá ti yí padà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì tíì gbọ́. NLRC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́, ló máa ń fún àwọn oní-tẹ́tẹ́ ní láísẹ́ǹsì ìjọba àpapọ̀ tẹ́lẹ̀ lábẹ́ òfin National Lottery Act 2005, àmọ́ ìjọba Èkó gbé ẹjọ́ lọ sí Supreme Court lọ́dún 2008, ẹjọ́ yẹn fà títí di 22 November 2024 kí wọ́n tó dá a, wọ́n ní àwọn aṣòfin àpapọ̀ ò láṣẹ lórí tẹ́tẹ́ nínú ìpínlẹ̀ kankan, àyàfi FCT. Ẹ wo bó ṣe kan àwa tá a wà níbí: ẹni tó ń gbé Nyanya wà ní FCT, ẹni tó ń gbé Mararaba tó jẹ́ pé béèyàn kọjá díẹ̀ ló ti débẹ̀, Nasarawa nìyẹn wà. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé àwọn ní láísẹ́ǹsì, ẹ bi wọ́n pé láísẹ́ǹsì ibo, kẹ́ ẹ sì wá nọ́ńbà ẹ̀ nísàlẹ̀ sáìtì náà.

Malta ní tiẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba wọn, Malta Gaming Authority, ti wà láti 2001, ẹ lè wá orúkọ iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà lórí sáìtì wọn, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́. Òfin wọn ní kí sáìtì jẹ́ kéèyàn lè fi òṣùwọ̀n sí iye tó ń fi sí i, kó sì lè ti ara ẹ̀ mọ́ta pátápátá. Ó dáa, àmọ́ ẹ lọ ka Terms wọn, ìyẹn àdéhùn tó wà lórí sáìtì, ẹ wá orúkọ Nàìjíríà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn ò gbà. Tó bá wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ fi VPN, ìyẹn app tó ń fi ibi téèyàn wà pamọ́, wọlé, wọ́n lè gba owó yín wẹ́rẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ ni wọ́n máa rántí òfin. Lógò UK náà ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn: láísẹ́ǹsì UK Gambling Commission, àwọn oníbàárà tó wà ní Great Britain ló wà fún, kò bo ẹni tó jókòó sí Kubwa.

Ẹ̀kẹta yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Curaçao, erékùṣù kan ní Caribbean, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ mẹ́rin máa pín láísẹ́ǹsì fún ẹlòmíì, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 24 December 2024 ló gbà á lọ́wọ́ wọn, ìjọba ló ń fúnni ní tààrà báyìí. Ìyẹn sàn ju ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ sáìtì tó bá ń fi Costa Rica yangàn, ẹ sá fún un, Costa Rica kì í fúnni ní láísẹ́ǹsì tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé iléeṣẹ́ lásán ni wọ́n ń gbé jó.

Owó: bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde

Ti ilé, transfer, OPay, PalmPay tàbí káàdì lẹ máa fi sanwó, àkáǹtì tó bá orúkọ yín mu ló sì máa ń jáde sí. Tí transfer bá há sọ́nà, session ID wà lórí rísíìtì, nọ́ńbà gígùn yẹn, ẹ mú un lọ sí báǹkì, wọ́n á fi tọpasẹ̀ owó náà. Tí iléeṣẹ́ bá kọ̀ tí ò san, ẹ lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, olú iléeṣẹ́ wọn wà ní Àbújá níbí. Mi ò ní gbogbo ti ilé ló mọ́ o. Àwọn náà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sanwó, wọ́n sì máa ń fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì nígbà míì kí wọ́n ní odds yẹn ṣèèṣì ni, àmọ́ wọ́n wà níbi tí ọwọ́ lè tó wọn.

Ti òkè òkun, àgàgà onícrypto, ẹ máa kọ́kọ́ ra USDT, crypto tí iye ẹ̀ ń bá dọ́là dọ́gba, lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí lórí P2P, ìyẹn ọjà tí èèyàn ti ń rà tààrà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni wọ́n máa ń yọ lára ẹ̀: lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á àti lọ́jọ́ tẹ́ ẹ tà á padà sí náírà. Tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ gba network tó yàtọ̀ sí èyí tí sáìtì náà ń lò, ó lè lọ pátápátá, kò sí báǹkì tó máa bá yín dá a padà. Èyí tó tún burú jù ni pé tí owó tí ẹni tó ra USDT lọ́wọ́ yín fi sanwó bá jẹ́ owó jìbìtì, àkáǹtì tiyín ni báǹkì máa tì, owó oṣù á há síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá máa ṣàlàyé.

KYC, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń mọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, wá ńkọ́? Àbúrò kan ní Nyanya jẹ owó tó tó ra ọ̀kadà lórí sáìtì òkè òkun kan. Ó ní kí wọ́n san án, wọ́n ní kó fi NIN ránṣẹ́, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kó mú bíìlì iná tó ní orúkọ ẹ̀. Ilé face-me-I-face-you ló ń gbé, mítà AEDC tó wà níbẹ̀, orúkọ làńlọ́ọ̀dù ló wà lórí ẹ̀. Ó gba bank statement, àdírẹ́sì Iléṣà tó fi ṣí àkáǹtì ló ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ní kò bára mu. Gbogbo ìgbà tó bá kọ ìmeèlì, ẹlòmíì ló máa dáhùn, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, owó ẹ̀ wà lójú ẹ̀ lórí fóònù, bọ́tìnì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń sọ pé kó dá withdraw dúró kó máa gbá gémù lọ. Lóru ọjọ́ kan ó tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi ta á tán. Ní UK, wọ́n ti ní kí àwọn casino orí íntánẹ́ẹ̀tì yọ irú bọ́tìnì yẹn kúrò láti 2021. Àwọn tí ò sẹ́ni tó ń mú wọn ò ní yọ ọ́.

Bónọ́ọ̀sì

Ibí ni òkè òkun ti máa ń fa ojú wa mọ́ra, torí bónọ́ọ̀sì wọn tóbi. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Wọ́n fún yín ní ₦20,000, wọ́n ní ẹ gbọ́dọ̀ ta á ní ìlọ́po 35 kẹ́ ẹ tó lè withdraw. ₦700,000 lẹ máa ta yẹn. Slot, gémù ẹ̀rọ casino, tí wọ́n kọ 96% sí pé òun ló ń dá padà, ₦4 ni iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ ń mú nínú ₦100 tá a bá ta á pọ̀, ₦28,000 nìyẹn nínú ₦700,000, wọ́n sì fún yín ní ₦20,000. Bónọ́ọ̀sì ti ilé náà ní ìlọ́po tiẹ̀, ẹ ka èyí náà.

Kano àti òkè lọ́hùn-ún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Sabon Gari ní Kano tàbí ní Zamfara, òfin Ṣàríà ò gba tẹ́tẹ́, Hisbah sì máa ń ti ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìyẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sórí sáìtì òkè òkun níkọ̀kọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ rò ó wò: tí wọ́n bá jẹ owó yín níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ta lẹ fẹ́ gbé ẹjọ́ tẹ́tẹ́ lọ?

Ìpinnu tèmi: ti ilé tó ní láísẹ́ǹsì ni mo fara mọ́ tó bá di dandan, Malta tẹ̀ lé e tí Terms wọn bá gba Nàìjíríà, ẹ̀kẹta yẹn mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fọwọ́ kàn án. Owó ilé àti school fees ọmọ ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ ṣe screenshot Terms lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ fi KYC ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó ta ohunkóhun, ẹ kọ bónọ́ọ̀sì, ẹ fi ₦2,000 péré sí i, ẹ ta á lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n san èyí tó bá ṣẹ́ kù. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san owó orí tàbí owó àyẹ̀wò kí wọ́n tó lè san án, gbájú-ẹ̀ ni wọ́n, ẹ má fi kọ́bọ̀ kún un.