Àpótí pẹ́dà tàbí fífọ throttle: èwo ni kí ẹ náwó lé fún Hilux tó ń lọ́ra?

Ẹni tó bá ń wa Hilux bẹntiróòlù tó ti pẹ́ lójú títì mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ tẹ iná, ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ rò ó wò ná. Ẹ fẹ́ kọjá ní oríta Ọ̀lá-Ìyá kí ọlọ́kadà tó já lù yín, ọkọ̀ ń wò yín bíi pé owó lẹ wá yá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ rì díẹ̀ sí i, ló bá fò síwájú bí ẹni tí ìjàlọ ta.

Hilux 2.7 ni tèmi, gíà ọlọ́wọ́. Oúnjẹ adìẹ ni mo fi ń kó láti Òṣogbo lọ sí Ìkìrun àti Ìrágbìjí, torí náà kì í ṣe fáàrí ni mo fẹ́ fi agbára ẹ́ńjìnnì ṣe. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n máa ń dárúkọ fún èèyàn: àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ pẹ́dà, fífọ throttle (ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) àti airflow (sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́ náà), pípààrọ̀ throttle sí tòkunbọ̀, àti títún inú brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kọ. Mo ti náwó sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin, ọ̀rẹ́ mi ló ṣe é, mo kàn jókòó tì í nínú ọkọ̀ rẹ̀ ni.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí okùn wáyà tó ti ìdí pẹ́dà wá fa ẹnu throttle, Hilux àtijọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ àpótí ò kàn yín rárá. Bó bá jẹ́ wáyà iná nìkan ló wọ ara throttle náà, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ.

Ohun tí àpótí náà ń ṣe

Lára àwọn Hilux yìí, pẹ́dà ìsáré ò fa nǹkan kan. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà lára rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni iná tí wọ́n ń rán sí brain box ń yí padà, brain box á fi ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wéra, á wá pinnu bí ẹnu throttle ṣe máa ṣí tó. Àárín pẹ́dà àti brain box ni wọ́n ń ki àpótí yìí sí. Ẹ tẹ pẹ́dà díẹ̀, ó lọ sọ fún brain box pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó dùn mọ́ ẹsẹ̀ ni.

Ìgbà tí ẹ bá wá tẹ pẹ́dà kanlẹ̀, irọ́ ò sí mọ́. Throttle ti ṣí tán, kò sí ibi tó tún fẹ́ ṣí sí. Àpótí yẹn ò fi agbára ẹyọ kan kún ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi máa já sí.

Ti owó: àpótí gba ₦95,000 lọ́wọ́ mi. Fífọ, tòun ti agolo òògùn méjì àti owó iṣẹ́, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹn.

Ti síso: kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ mi ló tan iná fóònù sí mi lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ti epo: àpótí kì í mu epo, ẹsẹ̀ yín ló máa mu ún. Ní ipò sport lára àpótí náà, ẹsẹ̀ mi ò lè fara balẹ̀, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ibi tó ti jẹ mí lówó

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, inú mi dùn débi pé mò ń fi àpótí náà han èèyàn. Láti Òkè-Fìà dé Ọ̀lá-Ìyá, mo tún di ọ̀dọ́. Lọ́jọ́ kan, mo wá kó ọgbọ̀n àpò oúnjẹ adìẹ, kílò 25 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kílò 750 nìyẹn, a ò tíì ka èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi. A kọjá Ìkìrun, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè, mo tẹ iná kanlẹ̀. Kò fà. Mo sọ ọ́ sí gíà kejì, kò fà. Ọlọ́kadà kan tó gbé obìnrin méjì àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa kọjá lára mi, ìyá tó jókòó sẹ́yìn sì yíjú padà wá wò mí dáadáa. Iwájú mi, nọ́ńbà 9 ń tàn lára àpótí. Òun ló ga jù tó lè dé.

Àìsàn yẹn ti wà níbẹ̀ kí n tó ra àpótí. Ohun tí àpótí ṣe ni pé ó bò ó mọ́lẹ̀ fún mi fún bí oṣù méjì. Tí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ǹ bá ti gbé ọkọ̀ lọ yẹ̀ wò nígbà tó ṣì kéré. Nígbà tí mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, ó ní bí àpótí bá wà lórí ẹ̀ tí kò bá fà, pọ́m̀pù epo ni. Mo pààrọ̀ pọ́m̀pù. Mo pààrọ̀ pọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ ò fà.

Ẹni tó wá rí i, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà Gbọ̀ngán ni. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé kí n yọ àpótí kúrò, kóun lè gbọ́ ohun tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ. Ó ki síkánà sí i, P0171 ló jáde, ìyẹn ni pé epo kéré sí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ó tú rọ́bà afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu throttle, ó wá pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ọ̀fun mọ́tò yín.”

Ó dúdú bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sí. Àwo kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé nínú rẹ̀, ìdọ̀tí epo tó ń lẹ̀ ti dì yí etí rẹ̀ ká. Ó wá yọ airflow. Wáyà tín-tìn-tín ló wà nínú rẹ̀, brain box á mú kó gbóná, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí i tó ń tutù ni wọ́n fi ń mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé. Tèmi ti fi eruku pupa bora bí ìgbà tí èlùbọ́ dà sí nǹkan lára. Eruku ò jẹ́ kó tutù bó ṣe yẹ, brain box rò pé afẹ́fẹ́ kékeré ló ń wọlé, ó sì ń bù epo kékeré sílẹ̀. Ibo ni eruku ti rí àyè wọlé? Ìdè kan lára ìdérí ẹ́à fílítà ti já. Ìdè kan péré o. Èmi ń gba ọ̀nà oko adìẹ kiri, ó ń fa eruku símú.

Kò tó wákàtí méjì tó fi fọ gbogbo rẹ̀, tó sì fi wáyà de ìdérí náà pinpin. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹrù kan náà, òkè kan náà, gíà kẹta ni mo fi gùn ún.

Fífọ náà ní jàǹbá tirẹ̀

Kí n má puró fún yín, ẹni tó fọ̀ ọ́ ló ṣe pàtàkì ju fífọ lọ. Kí n tó mọ ohunkóhun nípa àpótí, ilé iṣẹ́ kan ti fọ throttle tí ọkọ̀ náà bá wá láti ilé rí. Bẹntiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi sukúdíráfà ti àwo inú rẹ̀ ṣí tipátipá. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, á ké sókè, á tún rẹlẹ̀ bíi pé ó fẹ́ kú. Wọ́n ní throttle ti bàjẹ́, kí n ra tòkunbọ̀. Mo rà á. Bí ẹ bá ń ṣírò bá mi, throttle tòkunbọ̀ yìí gan-an ni ọmọkùnrin yẹn wá tú lẹ́yìn náà. Wọn ò yẹ inú rẹ̀ wò kí wọ́n tó dè é mọ́ ọkọ̀. Ìdọ̀tí tí ẹlòmíràn ti kó jọ nílùú òyìnbó ni mo fowó mi rà, mo wá fi tèmi lé e. Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ parí sí ibẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi.

Torí náà, ẹ dúró tì wọ́n. Kí wọ́n tú bátìrì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Òògùn throttle ni kí wọ́n lò, kí wọ́n fín in sí aṣọ rírọ̀ kí wọ́n fi nù ún, kì í ṣe kí wọ́n rọ̀jò rẹ̀ sí ìhà tí wáyà iná wà. Airflow ní òògùn tirẹ̀ lọ́tọ̀: wọ́n á fín in sí i láìfi ọwọ́, aṣọ tàbí búrọ́ọ̀ṣì kan wáyà inú rẹ̀, kó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ fúlúkánáísà fẹ́ ẹ, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tan ọkọ̀ lẹ́yìn náà, ó lè kọ́kọ́ ké ju bó ṣe yẹ lọ, torí brain box ti mọ́ ìdọ̀tí lára, ó ní láti tún ìwọ̀n rẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan láìtan AC, kí ẹ tó wá tan AC. Ẹni tó bá fẹ́ ta throttle fún yín lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ dágbére fún un.

Títún brain box kọ

Fún Hilux dísù onítọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì), agbára gidi ló ń fún un, mo fi ẹ̀yìn mi gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ náà gbọ́ ọ. Fún 2.7 bẹntiróòlù tí kò ní tọ́bò, ohun tẹ́ ẹ máa rí kò ní tó owó tẹ́ ẹ máa ná.

Ta ni kó ra kí ni?

Mi ò ní ṣègbè. Bí ọkọ̀ yín bá ṣì tuntun, tó jẹ́ gíà ọ́tò, tí síkánà ò rí nǹkan kan, tí ẹ́à fílítà mọ́, tó jẹ́ pé bí pẹ́dà ṣe ń fi falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ló ń bí yín nínú, àpótí á dùn mọ́ yín, kò sì nira láti yọ tí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo dáṣíbọ́ọ̀dù yín. Ọ̀pọ̀ Hilux tó jáde láti 2015 ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ PWR sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ fẹ́ lọ fowó rà ti wà níbẹ̀, ẹ ti sanwó rẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Tó bá jẹ́ dísù ni, tó ń lọ́ra tó sì ń tú èéfín dúdú, ẹ wá ibi tí rọ́bà tọ́bò ti ya. Àpótí ò lè lẹ rọ́bà.

Gbogbo ẹni tó kù, tó ń wa ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ tó tún ń gbẹ́rù, ẹ fọ̀ ọ́ ná. Tí kò bá tíì tẹ́ yín lọ́rùn lẹ́yìn ìyẹn, ọjà àpótí ò ní kó wọlé.

Tèmi wà nínú pigeonhole, mo ti fi rọ́bà de wáyà rẹ̀. Mo máa tà á ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá fẹ́, kó ṣáà kọ́kọ́ fi àwòrán ẹ́à fílítà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.